Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Inú Dùrù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ fi ariwo sílẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in níbẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹ̀rín ní ìparí rẹ̀.

"Walburga! Ta ló fún ọ ní kọfí?"

Ọ̀gá Korbinian ló ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Vienna, níbi tó ti ń tún àwọn dùrù àtijọ́ ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Walburga, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́.

"Ọ̀gá, mo kàn tọ́ ọ wò ni."

"O tọ́ ọ wò! Lọ fi omi yọ ẹnu rẹ. Ẹnu tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kì í jẹ, kì í mu."

Kó má yà yín lẹ́nu. Itọ́ ni wọ́n fi ń nu ọ̀dà àtijọ́ níbẹ̀. Wọn a wé òwú mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a fi sẹ́nu kó rin, wọn a wá rọra máa yí i lórí ìdọ̀tí, ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Bí òwú yẹn bá ti dúdú, wọn a sọ ọ́ nù, wọn a mú òmíràn. Itọ́ a máa mú èéfín kúrò, kì í mú ọ̀dà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Dùrù tó wà níwájú Walburga lẹ́wà ju ẹnu lọ. Igi rẹ̀ ń dán bí ara ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ kìnnìún, wọ́n sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Inú ìdérí rẹ̀ ni wọ́n kun òdòdó àti ẹyẹ sí, ṣùgbọ́n èéfín àbẹ́là ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá Ottilie, ìyá arúgbó kan tó ti pé ọgọ́rin ọdún, ló ni ín.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ìyá náà fa Walburga mọ́ra. "Ọmọ mi, ẹyẹ kan wà ní igun ọ̀tún yìí, lábẹ́ ìdọ̀tí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta kẹ̀, Màmá?"

"Alois ẹ̀gbọ́n mi ló kùn ún nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Bàbá wa bi í pé irú ẹyẹ wo nìyí. Ó ní bí ẹsẹ̀ méjì bá rẹ ẹyẹ náà, kó lè fi ẹ̀kẹta dúró." Màmá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Òtútù ọdún yẹn ló pa á. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Dókítà sì ti sọ fún mi pé ojú mi ò ní pẹ́ ṣú pátápátá, n ò ní ríran mọ́. Ẹyẹ yẹn ni mo fẹ́ rí kó tó ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Walburga ṣèlérí fún un. Ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń ro ó. Gbogbo òdòdó jáde, àwọn ẹyẹ yòókù náà jáde. Ó wá ku igun ọ̀tún nìkan.

Ọ̀sán Sátidé ni Severin ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú. Iṣẹ́ káfíńtà ni Severin ń kọ́ ní òpópónà kejì.

"Ọmọ onítọ́! Ṣé o ti pọn itọ́ tòní?"

"Yẹ̀yẹ́ rẹ ò tà lónìí, Severin."

"Adágún ti di yìnyín, gbogbo ẹgbẹ́ wa ti ń lọ yọ̀ lórí ẹ̀. Ìwọ nìkan ni wàá jókòó síbí, tí wàá máa da itọ́ bí ọmọ ọwọ́. Gba èyí." Ó ti ìgò tínà kékeré kan, omi líle tí àwọn káfíńtà fi ń yọ ọ̀dà, sí i lọ́wọ́. "Nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àbí ọ̀gá ẹ wà nílé ni?"

Ọ̀gá kò sí nílé. Ó ti lọ ra okùn dùrù nílùú mìíràn, ó di ọjọ́ kejì kó tó dé.

Nígbà tí Severin lọ, Walburga wo ìgò, ó wo fèrèsé. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú pópó. Ó da tínà sórí aṣọ, ó sì nù ún.

Ìdọ̀tí náà ṣí bí aṣọ ìkélé. Ìyẹ́ jáde. Ẹsẹ̀ kan, èjì, ẹ̀kẹta! Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí òun nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dán, kí òun sì máa lọ. Nígbà tó gbé aṣọ kúrò, ara aṣọ ni ẹyẹ wà. Igi lásán ló kù níbẹ̀.

Kò lọ sí adágún mọ́. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lẹ́yìn náà ni èrò kejì dé, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú Màmá ti ń ṣú. Ọ̀gá kò rí ẹyẹ náà rí. Ta ni yóò mọ̀? Ó mú ọ̀dà Ọ̀gá, ó sì kun ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá àti Màmá Ottilie jọ wọlé, yìnyín ṣì wà léjìká wọn. Màmá kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdérí títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Alois," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Alois, ẹyẹ rẹ rèé." Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀gá ṣí fìlà. Walburga dúró bí igi.

Màmá na ìka, ó fẹ́ fọwọ́ pa ẹyẹ náà lórí. Ìka náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fà á kúrò, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó gbé e simú.

"Korbinian," ó ní, "ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí Alois ti kun ẹyẹ yìí. Kí ló dé tí kò tíì gbẹ?"

Walburga kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá kò pariwo. "Ìwọ rí i? Ẹyẹ gidi yẹn, o rí i kó tó lọ?"

"Mo rí i, Màmá."

"Ó dáa, sọ ọ́ fún mi. Àwọ̀ wo ni ìyẹ́ rẹ̀? Ibo ló kọjú sí? Mo ti gbàgbé."

Walburga pa ojú dé. Ó wá inú orí rẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan àfi ẹsẹ̀ mẹ́ta. "N ò wò ó dáadáa, Màmá," ó ní. "Mo ń kánjú ni."

"Mú mi lọ sílé, Korbinian," ni Màmá wí.

Ọ̀gá kò lé Walburga. Ó ní kó nu ẹyẹ èké yẹn kúrò, kí ẹnikẹ́ni má sì kun nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni dùrù náà ṣe padà sílé, pẹ̀lú igun rẹ̀ tó ṣófo. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ojú Màmá Ottilie ti ṣú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, omi tó bá ti dànù kò ṣeé kó. Ohun tí ẹ bá fi ìkánjú bà jẹ́, ẹ má fi irọ́ tún un ṣe, torí ọgbẹ́ kan ni ìkánjú ń dá, irọ́ ló ń sọ ọ́ di méjì. Bí ọ̀rẹ́ bá sì fi sùúrù yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kó rín ẹ̀rín rẹ̀ tán.

Severin tó gbé ìgò wá ló sọ ìtàn yìí fún mi. Kò sì yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.