Ojú Màmá Àgbà

Òórùn aṣọ tó ń jó ló jí Akọ́sórí lójú oorun. Orí ìdúró ló ti sùn lọ, áyọ́ọ̀nù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kúrò kíá, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́: àpá pupa rúsúrúsú ti jókòó sí àyà kaba funfun tí nọ́ọ̀sì kan fẹ́ wọ lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ìyá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ náà, bó bá sì ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ibẹ̀ ló ń forí lé. Ìdánwò ń bọ̀, aṣọ ò dín kù. Ẹni tó ti rẹ̀ débi pé ó ń sùn lórí ìdúró, ẹ ò lè bá a wí púpọ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni kò dáa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká kaba náà kí àpá má hàn síta, ó sì rọra tì í sáàárín aṣọ tó wà lórí pẹpẹ Màmá Àgbà. Màmá Àgbà yìí ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì jó aṣọ oníbàárà rí.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin yìí ní Akọ́sórí? Kò sí orí kan nínú Ìwé Òwe tí kò lè kà láìwo Bíbélì. Ìyá rẹ̀ ní àṣà kan: láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó tan áyọ́ọ̀nù, gbogbo wọn á dúró yí tábìlì ká, Akọ́sórí á ka ẹsẹ kan nínú Ìwé Òwe, oníkálukú á sì sọ ibi tí ẹsẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti bá a pàdé nílé tàbí lẹ́nu iṣẹ́. Bí Akọ́sórí bá sọ tirẹ̀ tán, ẹ ó fẹ́ ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ, ó tú kaba rẹ̀ wò, ó rí àpá. Kò pariwo. Ó ti rẹ òun náà, ó kàn béèrè pé kí lòun fẹ́ wọ báyìí. Màmá Àgbà gbé kaba náà súnmọ́ ojú, ó fìka tọ àpá náà. Ó ní òun ò rántí pé òun jó o, ṣùgbọ́n orí pẹpẹ òun ló ti wá, á jẹ́ pé ojú òun ló ti ń lọ. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó tọrọ lọ́wọ́ ìyá Akọ́sórí, àní ó tọrọ lọ́wọ́ Akọ́sórí pàápàá. Ìyá Akọ́sórí ní kí Màmá Àgbà má bínú, kó wá dágbére fún wọn lọ́jọ́ Ajé, kó sì lọ sinmi. Akọ́sórí ń gbọ́, kò lanu. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àgbàlagbà kúkú nílò ìsinmi. Ẹ gbọ́ àwáwí!

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, wọ́n yí tábìlì ká. Ẹsẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èyí tó sọ pé Olúwa ló dá etí tó ń gbọ́ àti ojú tó ń ríran. Akọ́sórí ti to ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó gún régé. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ sọ tòun, torí òun ò ní pẹ́ lọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó fúnni lójú náà ló tún ń gbà á padà. Mi ò ráhùn, mò ń dúpẹ́ ni. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, mo dúró létí títì, mi ò lè sọdá. Mò ń rí mọ́tò o, àmọ́ mi ò gba ohun tí mò ń rí gbọ́ mọ́. Aládùúgbò mi ló fà mí lọ́wọ́. Mo ti kó abẹ́rẹ́ àti òwú mi fún un. Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú ilé."

Akọ́sórí ní ẹsẹ rẹpẹtẹ lórí, kò rí ẹyọ kan dì mú. Ojú tì í, àánú ṣe é, ẹ̀rù sì bà á.

"Màmá, èmi ni mo jó o," ó wí. "Oorun ló gbé mi lọ. Èmi náà ni mo tì í sórí pẹpẹ yín. Kò sí ohun tó ṣe ojú yín."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wò ó. Kò nà án, kò sì bú u. Ó gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí yóò fi lọ bá nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, tí yóò sì lọ sí ojúlé gbogbo ẹni tó ti gbọ́ pé ojú Màmá Àgbà ti lọ, kó sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí òun rí i pé ó ti rẹ ọmọ òun, òun sì dákẹ́. Ó wá bẹ Màmá Àgbà pé kó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Inú Màmá Àgbà kò tètè dùn. Ó jókòó, ó ń nu ojú.

"Kaba lè jó, ọmọ mi, ìyẹn ò tó nǹkan," ó wí. "Ṣùgbọ́n o mú kí n máa pe ojú tó dáa ní ojú burúkú. Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó gbà á, nígbà tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí Akọ́sórí ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó wá yé e pé ọgbọ́n Ìwé Òwe kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ sórí kí wọ́n lè yìn wá. Ọjọ́ tí ẹ̀bi bá jẹ́ tẹni gan-an là ń mọ̀ bóyá a ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka ẹlòmíràn lórí, kò lè mọ bí ẹrù náà ṣe máa wúwo tó fún ẹni tó rù ú. Ní ojúlé kẹrin, bàbá kan gbọ́ ọ tán, ó ní kó dúró kí ìyàwó òun jáde wá, kó tún un sọ lójú rẹ̀. Ó dúró, ó sì tún un sọ.