Bàtà Lẹ́sẹ̀ Baba Alágogo

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n bá òkú Baba Adédèjì ní ìdí ilé agogo Ṣọ́ọ̀ṣì Olókùúta, ní ìlú Oǹdó. Agbárí rẹ̀ ti fọ́. Bàtà awọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, okùn rẹ̀ so pinpin.

Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ṣùkúrátù tó ti Àkúrẹ́ dé, àwọn ọlọ́pàá Oǹdó ti ki ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ Lawrence lọ́wọ́. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ni, tó ń ti ìlú dé ìlú wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Òun ni wọ́n rí pẹ̀lú Baba gbẹ̀yìn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ̀sùn ìpànìyàn ló kàn.

"Ẹ ti dè é bí àgbò Iléyá," Ṣùkúrátù wí fún wọn. "Ṣé ọ̀bẹ nìkan ló kù? Tísà, kí lẹ wá ṣe?"

"Ògiri ni mo wá wò, ọmọ mi. Ìjù, Ìta-Ògbólú, Ìjàrẹ́, mo ti fọwọ́ pa gbogbo wọn lára. Èyí ló gbadé: orí ni wọ́n fi ru òkúta rẹ̀, ẹfun ni wọ́n fi so ó pọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná ni mo yà á ní fọ́tò yíká. Baba ń rẹ́rìn-ín." Ó na ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè síwájú. "Ẹni tó fún mi lómi mu ni wọ́n ní mo pa."

"Irọ́!" Gbémiga já lu ọ̀rọ̀. Ẹnjiníà ni, òun ló fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun fún ìjọ. "Màdáámù, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àwọn méjèèjì gun ilé agogo lọ. Ẹnì kan ló padà wá."

"Ìwọ ńkọ́, kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo wá wo ògiri tó ti là tipẹ́ ni. Lọ́la ni ìgbìmọ̀ ìjọ ń bọ̀ wá wò ó, ká lè wó o. Ṣé ẹ mọ̀ pé ògiri tó bá lanu, ilé aláǹgbá ni."

Ṣùkúrátù lọ wo ògiri náà. Ó fi ìka tọ ojú ìlà rẹ̀, ó sì gbọ́ òórùn ẹfun lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí ilé agogo. Oyèbọ́lá, ọmọ Baba, dìde níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́ gun ibẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni bàbá bàbá mi fi ru òkúta yìí. Òjò ni, oòrùn ni, ìdí àkàsọ̀ ni bàbá mi ń bọ́ tirẹ̀ sí."

"Ẹ̀yin náà? Mo rò pé àwa onímọ́ṣáláṣí nìkan ni." Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì kú síbẹ̀. Kò gun ilé agogo mọ́.

Ó kó gbogbo wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na fọ́tò inú fóònù Lawrence sí Gbémiga. "Aago márùn-ún àná nìyí. Níbo ló ti là?"

"Ó lè là lóru."

"Ó lè là. Àmọ́ ògiri tó bá fúnra rẹ̀ là, ojú ìsopọ̀ ló ń bá lọ, ibẹ̀ ló rọ̀. Èyí la òkúta láàárín bí ìgbà tí wọ́n la iṣu. Òòlù àti irin ni. Baba ká ọ mọ́ ọn, o fi òòlù náà lù ú, o sì gbé e lọ sídìí ilé agogo bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú, kí ẹ̀bi lè dé orí àlejò. Àmọ́ o ò mọ àṣà wọn. Ẹni tó bá jábọ́ láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló máa bá ilẹ̀. Ẹ ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀!"

Inú àpò sìmẹ́ǹtì ni òòlù náà wà. Irun funfun mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó panu mọ́," Gbémiga wí jẹ́jẹ́. "Ó ní ìjọ á gbọ́."

"Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ aláǹgbá yìí, ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ la ẹnu ògiri."

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Lawrence, wọ́n fi sí ọwọ́ tó tọ́ sí. Oyèbọ́lá bọ́ bàtà rẹ̀ sídìí àkàsọ̀, ó gùn ún. Agogo dún, ẹyọ kan fún ọdún kan tí bàbá rẹ̀ lò láyé, ìgbà méjìléláàádọ́rin. Lawrence gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ọgbẹ́ ògiri títí agogo fi dákẹ́. Ògiri náà kò mì.