Ọwọ́ Ọ̀tún Màmá Mi

Ọwọ́ òsì màmá mi máa ń gbóná. Ti ọ̀tún ló máa ń tutù bí omi inú àmù. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wò wọ́n nílé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ń bá a bẹ́ẹ̀, àga kan á sì wà lápá ọ̀tún ibùsùn wọn, á sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Nọ́ọ̀sì ní òun kọ́ ló gbé e síbẹ̀.

Oorun ni wọ́n ń sùn ṣáá. Màmá mi tó máa ń bá rédíò jiyàn wá ń sùn lọ tòun ti ṣíbí lẹ́nu. Ẹkún ni wọ́n ń sun nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, dókítà kan sì fún wọn ní oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀. Òmíràn fi ti oorun kún un. Nígbà tí màmá ní àwọn ń rí ẹnì kan lórí àga, oògùn kẹta tún dé. Kò sí dókítà tó yọ ohun tí dókítà mìíràn kọ. Àpọ́nlé ni wọ́n pe ìyẹn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀rù bà mí, nítorí irú oorun bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Aláròyé, tí ibùsùn wọn kángun sí ti màmá mi, sùn tí wọn ò fi jí. N kò sọ ikú náà fún màmá mi. Etí wo ni wọn ì bá fi gbọ́ ọ?

Mo bẹ dókítà tuntun, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, kó yẹ gbogbo oògùn náà wò pọ̀. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni méjì nínú wọn ń ṣe, ó sì fura pé àwọn oògùn ọ̀hún gan-an ló ń fi ènìyàn hàn wọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ló dín wọn kù, kò dá wọn dúró lójijì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi lajú, wọ́n ní aṣọ mi fún mi jù. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

"Ta lo ní kó máa bá mi jókòó?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan.

"Ìyá Aláròyé ńkọ́? Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má sùn wọra, pé bí òun ṣe sùn nìyẹn tí òun ò fi jí."

Mo wo apá ọ̀tún ibùsùn, àga ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó kan ní ìkángun yàrá, tí ọ̀kan nínú àwọn dókítà ìṣáájú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn kún oògùn wọn.

"Ìyá Aláròyé ń pè é láti àárọ̀," ni màmá mi sọ wúyẹ́wúyẹ́, omijé lójú wọn. "Kò dáhùn."

Mo lọ fọwọ́ kan ọwọ́ ìyá náà. Méjèèjì ló tutù.