Àtẹ̀gùn Tó Kọjú sí Ilé Bryony

Bryony fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé yàrá rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé ilé kejì. Freya, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, jókòó sórí pèpéle pákó wọn tó ti jẹrà, òun àti Saskia, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì wọn. Wọ́n ń jẹ bisikíìtì nínú páálí kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Owú ta Bryony lójú bí ata. Orí àtẹ̀gùn pèpéle yẹn ni òun máa ń jókòó sí. Àlàfo inú ọgbà tó pààlà ilé méjèèjì ló kọjú sí, ibẹ̀ sì ni òun àti Freya ń gbà wọlé ara wọn láti kékeré.

Bàbá Freya fẹ́ tú pèpéle náà, kó kan tuntun tó ga jù ú lọ. Nítorí gíga rẹ̀, ó ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ kánsù ìjọba ìbílẹ̀. Kánsù sì ń bi àwọn aládùúgbò bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i.

"Mọ́mì, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́," Bryony wí nídìí oúnjẹ alẹ́. "Tó bá ti ga báyẹn, inú ilé ìdáná wa ni wọ́n á máa wò. Ẹ ò ní lè wọ aṣọ àwọ̀sùn po tíì mọ́."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ta ló ráyè wo èmi arúgbó? Àbí ìwọ àti Freya jà ni?"

"A ò jà o. Wọ́n kúkú ti ń wò wá."

Irọ́ funfun báláú ni. Òun gan-an ló ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ó rojọ́ náà títí ó fi sú ìyá rẹ̀, ìyẹn sì kọ̀wé sí kánsù.

Bryony rò pé kánsù á kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò kọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kàn ní kí bàbá Freya kan ìgànnà pákó tó ga ju orí ènìyàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé Bryony, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bryony yọjú láti ibi àlàfo. Ó rí i pé òdìkejì ni àtẹ̀gùn tuntun wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé ẹ ò ní ṣe àtẹ̀gùn síbí mọ́ ni?"

"Inú ìgànnà ni kí n gbé e gbà?" Bàbá Freya fi òòlù họ orí. "Ibẹ̀ kúkú ni mo yà á sí nínú àwòrán tẹ́lẹ̀. Freya ló takú, ó ní tí Bryony ò bá ní àtẹ̀gùn tiẹ̀, kí n má wulẹ̀ kan nǹkan kan. Àmọ́ ẹ ní à ń wò yín."

Freya jáde síta. "Bryony, a ò wo ilé yín rí."

Ojú ti Bryony, omi sì lé sí i lójú. "Mo mọ̀. Èmi ni mò ń wò yín. Mo rò pé Saskia ti gba ipò mi. Èmi ni mo ní kí Mọ́mì kọ̀wé sí kánsù. Jọ̀ọ́, má bínú."

Freya fà sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ gbé pákó tó kù, ó sì ń kàn án lọ títí ó fi bo àlàfo náà.

"Tó o bá ń bọ̀," ohùn Freya wá láti ẹ̀yìn pákó, "gba iwájú ilé, kó o tẹ aago."

Bí àlejò. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Bryony ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé owú kì í jẹ́ kí ojú rí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ de ènìyàn. Ó nu ojú rẹ̀, ó gba iwájú ilé lọ, ó sì tẹ aago.