Àwọn Tó Fẹ́ràn Dírágónì Inú Kànga

Lẹ́tà tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọmọ ilé ìwé kan ló fi gègé aláwọ̀ ewé kọ ọ́. Ó ní ìwé náà dùn gan-an, òun ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ohun tí dírágónì náà fẹ́ fi orúkọ tí òun fún un ṣe, torí láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ìyá àgbà òun ti tutù, tí kò gbóná mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé: èmi ni mò ń ka lẹ́tà àwọn òǹkàwé, tí mo ń kọ kókó inú wọn sílẹ̀ fún ọ̀gá wa àti fún ẹni tó kọ ìwé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀, nínú yàrá kan tí kò gbà ju tábìlì kan àti àga méjì lọ, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi. Ọkùnrin kan ti kọ̀wé rí pé kí n bá òun bá ọmọge inú ìtàn sọ̀rọ̀, òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ la ṣe ìwé tí mò ń sọ yìí fún. Ọmọbìnrin kan ló rí dírágónì nínú kànga gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ilé wọn, tó sì ń tọ́jú ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Dírágónì náà kò ní iná nínú. Òtútù ló máa ń mú un, ooru ara èèyàn ló sì ń jẹ. Ní orí keje, tó jẹ́ orí tó kẹ́yìn, ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ooru ta ni kí òun jẹ. Ọmọ náà dárúkọ ẹnì kan, onítọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Mo kà á torí iṣẹ́, mo sì ń yán títí mo fi parí ẹ̀.

Lẹ́tà ń wọlé lójoojúmọ́. Àwọn kan bú wa. Bàbá ọlọ́mọ kan ní ikú inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn bínú pé irú dírágónì wo ni kò lè tu iná lẹ́nu. Nǹkan kan ò ṣe àwọn tó bú wa wọ̀nyẹn. Àwọn tó yìn wá ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n òun ti ń wọ súwẹ́tà lọ síbi iṣẹ́ nínú oòrùn. Ọ̀kan ní olùkọ́ ìṣirò àwọn kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́, ìka rẹ̀ ti le. Àwọn tó ń kọ̀wé yìí ò mọra wọn, síbẹ̀ gbólóhùn kan náà ló wà nínú lẹ́tà gbogbo wọn: "Nígbà tó béèrè, mo dáhùn."

Mo ṣí ìwé tó wà lórí tábìlì mi. Orí keje wà bó ṣe wà. Ọmọ inú ìtàn ni dírágónì ń bá sọ̀rọ̀, kò bá èmi sọ nǹkan kan.

Nígbà tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pé mẹ́tàlélógún, mo kó wọn lọ bá ọ̀gá wa. Ó ní àwọn ọmọ ló ń ṣeré, pé kí n tọ́jú wọn, wọ́n á wúlò fún ìpolówó. Mo bá fúnra mi ránṣẹ́ pe òǹkọ̀wé náà.

Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ó jókòó sórí àga kejì, ó ka gbogbo lẹ́tà náà láìgbójú sókè, ó sì rọra tò wọ́n jọ.

"Orí mẹ́fà péré ni mo kọ," ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tó ń sùn. "Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìkeje lórí tábìlì mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Ó dára ju ohun tí mo lè kọ lọ, ni mo bá gbà á."

Mo bi í pé kí ló dé tí dírágónì náà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ èmi.

"Ṣé ìwé náà dùn mọ́ yín?"

Mo ní kó má bínú, kò dùn mọ́ mi.

"Ẹni tí kò bá dùn mọ́ kì í gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo tún béèrè bóyá ó ní àtúnṣe. Ó ní ẹni tó bá dárúkọ ẹnì kan fún un lè gba orúkọ náà padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi òmíràn dí i. Òun ti fi orúkọ ara òun dí ti ọkọ òun. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ láti dágbére, ara mi sì bù máṣọ. Àfi bíi pé irin tó sùn síta ni mo dì mú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Pẹ́ńpẹ́ la máa ń pè é, torí bó ṣe kéré nígbà tá a bí i, àmọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ó ti ga jù mí lọ. Mi ò mú ìwé náà wọ ilé rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà wá, tíì mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù kí n tó gbé e dé ẹnu. Mo ń tan ara mi pé ife náà ni kò dáa. Nígbà tó yá, akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì gba páálí lọ́wọ́ mi, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan ta. Ọ̀sán gangan ni mo padà sílé. Mo gbé ìrọ̀rí Pẹ́ńpẹ́ sókè, ìwé náà wà níbẹ̀. Ó ti fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bò ó lẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti yá a. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a jà nítorí ìrìn àjò ilé ìwé tí mo ní kò ní lọ, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní bàbá rẹ̀ tó sá fi wá sílẹ̀ ló jọ.

"Inú ló ń bí mi, Màmá," ó ń sọkún. "Ó sì rọra béèrè ni. Orúkọ yín ló wà lẹ́nu mi."

Mo gbá a mọ́ra, mo sì rí i tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí òtútù ara mi. Mo rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ní kó má fòyà, wọ́n ní èèyàn lè gbà á padà. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó béèrè pé báwo. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni, Pẹ́ńpẹ́ sì ti mọ irọ́ mi láti kékeré. Mo ti ìwé náà mọ́ inú àpótí, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Ní ọjọ́ kẹta, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mo gbé tíì mi níbi iṣẹ́, ó sì jó mi lọ́wọ́. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó pọ́n. Ooru ń gun apá mi bọ̀ títí dé èjìká. Mo sáré lọ sílé, mi ò dúró mú báàgì mi.

Mo bá Pẹ́ńpẹ́ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sínú oòrùn, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mi bora dé imú. Àpótí wà ní títì. Ó ní òun ò nílò ìwé náà, òun ti há orí keje sórí. Ó kà á fún ara rẹ̀, dírágónì náà sì béèrè.

Mo bi í pé orúkọ ta ló dá.

"Tèmi ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Mo ṣí àpótí, mo ka orí keje sókè ketekete, mo ń pe orúkọ ara mi sí i. Kò sí ohùn kankan. Mo tẹ òǹkọ̀wé náà láago, ọkọ rẹ̀ ló gbé e. Ó ní ìyàwó òun kò lè dìde mọ́ láti ọjọ́ Àìkú, pé ohun tó ń béèrè kò ju kí wọ́n gbé òun sínú oòrùn. Mo gbé Pẹ́ńpẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo ẹ̀rọ tó fi ń wọn ooru ara, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún fi wò ó. Ó ní àwọn ò rí àìsàn kankan, ká ṣáà máa fi aṣọ bò ó.

Nígbà tá a padà sílé, ohun kan ló kù: kí ìwé náà dùn mọ́ èmi náà, kí n lè gbọ́ dírágónì náà. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo kà á parí bí ẹni ń mu àgbo kíkorò, kò sí nǹkan kan. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Pẹ́ńpẹ́ ń gbọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibì kan, ó ní, "Ẹ má sáré níbẹ̀ yẹn, Màmá. Ibẹ̀ ló dùn jù." Lẹ́yìn náà ni ìdí tí mo fi ń kà á wá yé e. Ó kọjú sí ògiri, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ìwé náà mọ́.

Ní ọ̀sán òní, mo dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga pẹ̀lú àtùpà. Ó fọwọ́ kan ìpẹ́ dírágónì náà, ó wá rí i pé gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Omi bọ́ lójú mi. Mo ṣí ojú ìwé kan, mo ṣí òmíràn. Ìgbà tí aládùúgbò wa wọlé tó di èjìká mi mú ni mo tó gbójú sókè. Ó ní òun ti ń kan ilẹ̀kùn láti ìgbà yìí, èéfín ti kún ilé ìdáná mi, ìkòkò ti jóná débi pé ìdí rẹ̀ ti lu. Mi ò gbọ́ ìró kankan, mi ò sì gbọ́ òórùn kankan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúró títí ó fi jáde. Pẹ́ńpẹ́ ń wò mí láti abẹ́ aṣọ mẹ́rin. Ó rọra mi orí sí mi pé kí n má ṣe é.

Ó ku ojú ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n kí n dé orí keje.