Àwòrán Èbúté Mummy Caroline

Ẹ kó gbogbo ojú tó wà l'Ọ̀fà jọ, kẹ́ ẹ fi ti Ìlémọnà kún un: èmi nìkan ni mo rí ẹni tó jí àwòrán Mummy Caroline gbé. Àmọ́ ẹ má tíì bi mí. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ ná.

Inspẹ́kítọ̀ Safiyat dé lọ́sàn-án Sunday. Ọyẹ́ ti da eruku tó lè sin ràkúnmí sí pálọ̀. Lára ògiri, ìṣó nìkan ló kù. Mummy Caroline, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, jókòó kọjú sí ìṣó náà.

"Kí ló wà nínú àwòrán ọ̀hún, mà?"

"Èbúté ni. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ni, kì í ṣe ojúlówó. Ìlú tí Tolúlọpẹ́ ọmọ mi ń gbé lókè òkun ni. Tó o bá sún mọ́ ọn, àmì tótòtó lásán lo máa rí. Tó o bá rìn sẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi á yọ. Òun ni mo máa ń kí láràárọ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ ọ̀hún ò pè mí mọ́."

Safiyat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, àpá sálúbàtà méjì wà nínú eruku, wọ́n tò gẹ́gẹ́. Láti ibẹ̀ dé ìdí ògiri, ẹsẹ̀ lásán ni. Olè wo ló ń bọ́ bàtà?

Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó. Ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń wà. Safiyat pè wọ́n.

Kamaldeen, ayálégbé, ọmọ Poly, kọ́kọ́ fèsì. "Ojú fèrèsé ni mo ti ń rí i, mà. Ọkọ̀ ojú omi méjì. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé màá wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì ni?"

Alhaja Bàrákàt, aládùúgbò, pàtẹ́wọ́. "Èmi kẹ̀? Láti ojú fèrèsé lásán, omi inú ẹ̀ ti ń kọ́ mi lóòyì!"

Ó ku Daddy Olúṣẹ̀yẹ, òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́, tó ń dá gbé ní òdìkejì látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. "N ò wọ pálọ̀ yẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀? Àmì tótòtó, bí ẹni da ọkà bàbà sílẹ̀."

Safiyat yíjú sí i. "Daddy, láti ojú fèrèsé, ọkọ̀ ni gbogbo ayé rí. Ẹni tó bá gbé e sún mọ́ imú nìkan ló ń rí tótòtó. Àjèjì ò sì ní bọ́ bàtà kó tó jalè. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ ilé yìí tipẹ́ ló máa bọ́ ọ láìronú."

Bàbá náà jókòó bí èrò tí ọkọ̀ ojú irin fi sílẹ̀ lọ.

"Bí Mummy ṣe lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mú kọ́kọ́rọ́. Àwòrán yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tẹ́lẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń gbọ́ rédíò ní bárándà nírọ̀lẹ́. Látìgbà tí nǹkan yẹn ti dé, ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní tí ò bá sí mọ́, wọ́n á jáde." Ó nu ojú. "Èmi náà, ta ló ń kí mi?"

Safiyat yíjú sí Mummy Caroline.

"Mummy, ṣé ká mú wọn lọ sí téṣàn?"

"Rárá." Mummy Caroline fa ìṣó yọ lára ògiri, ó nà án sí i. "Ẹ lọ gbé e wá, Daddy. Bárándà lẹ máa gbé e kọ́ sí. Kẹ́ ẹ gbé àga yín dání. Ẹ má sún mọ́ ọn jù o. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ lẹ ti máa rí ọkọ̀ náà."

Èmi ńkọ́? Orí igi máńgòrò ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, tó kọjú sí fèrèsé pálọ̀, ni mo wà látàárọ̀. Ẹnì kan ò wòkè, ẹnì kan ò bi mí. Ẹ̀yin nìkan ni mo wá rí sọ ọ́ fún. Torí náà, ẹ gbà mí gbọ́, dandan ni!