Ìwé Ìròyìn Tó Tọrọ Àforíjì

Ìyá aránṣọ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni: "Wọ́n ti ti ilé ìwòsàn aláboyún pa! Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn."

Oyún ọmọbìnrin rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ọjọ́ náà gan-an ló sì yẹ kó lọ fún àyẹ̀wò.

"Bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ," ó ké sí i. "Kò síbi tí ò ń lọ mọ́."

Bàbá tíṣà tó wá gba ẹ̀wù rẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní—"

"Àwọn wo ni 'wọ́n'? Wọn ò lórúkọ ni?"

Bàbá tíṣà wà lára àwọn mẹ́ta tó dá ìwé ìròyìn àdúgbò sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ ṣáà rántí," ló ní, "ìgbà tí ìwé ìròyìn tí à ń rà tẹ́lẹ̀ kógbá sílé. Wọ́n kó ilé ìkàwé wa lọ, a ò gbọ́ títí a fi bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ló mú kí èmi, ayàwòrán àti akọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi. A kì í jèrè níbẹ̀. Àwọn tó ń kà á ló ń gbé e ró, kò sí ọ̀gá tó lè pa wá lẹ́nu mọ́."

"Ẹ ò wá ṣi ìròyìn kọ rí ni?" ìyá aránṣọ bi í.

"A ṣì í kọ o! A kéde pé onígbàjámọ̀ ti kú. Ní ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó ní òun wá bá wa ṣọ̀fọ̀ òun. Ojú tì wá! A kọ àṣìṣe náà sókè téńté, a tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà, a kì í gbé ọ̀rọ̀ jáde láìbi ẹni tó kàn."

Ó pe ilé ìwòsàn náà lójú wọn.

"Ta ló tì wá pa?" nọ́ọ̀sì dáhùn. "Yàrá kan ṣoṣo là ń kùn lọ́dà. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

Nígbà tí aláboyún náà débẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀, tìyá tọmọ ló yè.

Ẹ̀yin ará, bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó kọ ọ́, ẹ pe ibi tọ́rọ̀ kàn. Bí àdúgbò yín bá ní ìwé ìròyìn tó ń fi orúkọ sọ́rọ̀, tó sì ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ní gbangba, ẹ máa kà á, ẹ sì tì í lẹ́yìn.